Ọjọ́ Ìpẹja Lórí Adágún ní Ìbẹ̀rẹ̀ Òjò

Nígbà tí oṣù Mááṣì bá ń lọ sí òpin, tí àgbẹ̀ ti ro ilẹ̀ rẹ̀ tán, tí ó sì ń wo ojú ọ̀run fún òjò tí yóò fi gbin àgbàdo, ọjọ́ díẹ̀ máa ń wà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn máa ń rántí omi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a kó ìwọ̀ àti àwọ̀n jọ, baba a mú ọmọ rẹ̀ dání, ẹgbẹ́ inú ìjọ mìíràn a sì dá ọjọ́ Sátidé kan tí wọn yóò jùmọ̀ lọ sí adágún. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ẹja jẹ́ oúnjẹ rere, ó ń mú ara ọmọdé dàgbà, ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á kò ní ná owó lé e lórí lọ́jà. Ṣùgbọ́n àkókò tí ẹja ń rìn jù lọ yìí náà ni ìjì ń jà jù lọ. Ẹni tí ó bá lọ láìpètè sílẹ̀ lè gbé agbọ̀n òfìfo bọ̀ wálé. Ó sì lè má bọ̀ rárá.

Púpọ̀ nínú àwọn adágún ilẹ̀ wa, ọwọ́ ènìyàn ni ó dá wọn. Ní ọdún 1942 ni a sé Odò Ọ̀nà ní Ìbàdàn tí adágún Ẹlẹ́yẹlé fi wà. Lẹ́yìn èyí ni a sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjire, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kí omi mímu lè tó fún ìlú ńlá náà. Ní ìhà àríwá, ní ọdún 1968, a sé Odò Ọya ní Kainji, adágún tí ó sì wà níbẹ̀ gùn tó 80 máìlì. Ó yẹ kí ẹni tí yóò wọ irú omi bẹ́ẹ̀ rántí pé oko àti igbó ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kùkùté igi lè wà lábẹ́ omi títí di òní. Ní adágún Volta ní ilẹ̀ Gánà, tí a sé ní Akosombo láàárín ọdún 1961 sí 1965, àwọn kùkùté wọ̀nyí ti fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, wọ́n sì ti gba ẹ̀mí púpọ̀. Ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn omi a fà sẹ́yìn, kùkùté tí ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá láìfarakàn án ní oṣù Òkítóbà a wá sún mọ́ ojú omi. Ìjìnlẹ̀ omi náà kò dọ́gba. Ènìyàn lè máa rìn nínú omi tí ó dé orúnkún, kí ó gbé ẹsẹ̀ kan sí i, kí ó sì já sínú ojú odò àtijọ́, níbi tí omi ti bo orí mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó jẹ́ àlejò sí adágún kan kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ láìní ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ní Ìlú Ọba àti ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, àkókò kan náà yìí ni ìgbà ìrúwé, tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí yìnyín ń yọ́ lórí àwọn adágún, tí àwọn apẹja ibẹ̀ sì ń fi ayọ̀ jáde. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbé lọ́hùn-ún lè fi èyí sínú ìwé tí yóò kọ sí i: oòrùn lè mú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn yóò bọ́ aṣọ òtútù sílẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò tíì gbóná rárá. Ẹni tí ó bá ṣubú sínú rẹ̀ a fa èémí lójijì láìmọ̀, omi a sì bá èémí náà wọ inú rẹ̀ lọ. Bí ó tilẹ̀ mọ odò wẹ̀, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ a kú kí ó tó dé etí omi. Lọ́dọ̀ wa omi kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Òkè ni ewu tiwa ti ń wá, a ó sì dé orí rẹ̀.

Ohun tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣe sí ẹja ni a ó kọ́kọ́ wò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àrọ̀ a máa gbé inú ibú àti inú ẹrọ̀fọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, tí àwọn odò kéékèèké bá gbé omi tuntun wọ inú adágún, tí koríko etí omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì, àrọ̀ a jáde ní òru, a lọ sí ibi tí omi kò jìn, láàárín koríko náà, láti yé ẹyin. Abo kan tí ó tóbi dáadáa lè ní ẹyin tí ó ju 10,000 lọ fíìfíì, wọ́n a sì pa láàárín ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀. Ọ̀nà ti ẹ̀pìyà yàtọ̀. Irú kan nínú wọn a gbẹ́ ihò róbótó bí àwo sínú iyanrìn etí omi, akọ àti abo a sì máa ṣọ́ ọ. Nínú irú mìíràn, ìyá ni ó ń kó ẹyin sí ẹnu rẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò pa sí, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò sì máa sá sí nígbà tí ẹ̀rù bá bà wọ́n, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ní gbogbo àkókò náà ìyá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹun. Bí àwọ̀n bá mú irú ìyá bẹ́ẹ̀, a pọ gbogbo ọmọ náà sílẹ̀, wọ́n a sì ṣègbé. Ọ̀bọ̀kún ní tirẹ̀ fẹ́ràn ihò: inú igi oníhò tàbí abẹ́ àpáta ni ó ń yé sí.

Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni apẹja tí ó ní làákàyè yóò ti mọ ibi tí yóò lọ. Àrọ̀ wà ní etí koríko tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, láti ìrọ̀lẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́; nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ni a ń dẹ ìwọ̀ rẹ̀, tí a ó lọ yọ ọ́ ní kùtùkùtù. Ẹ̀pìyà kì í ṣe ẹja òru. Nígbà tí oòrùn bá ti yọ ni ó ń jẹun, láti agogo 7 títí di nǹkan bí agogo 10 sì ni ìwọ̀ ń mú un dáadáa lẹ́bàá etí omi. Ekòló dára fún méjèèjì. Ẹ̀pìyà a sì máa gbé ẹ̀bà tí a fi ọwọ́ pò líle.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ibi tí ẹja ń yé sí gbọdọ̀ mọ ibi tí ó yẹ kí ó dá ọwọ́ dúró. Ìwà àwọn kan ni pé bí odò kékeré bá ti ń ṣàn wọ adágún, wọn a fi àwọ̀n dí ẹnu rẹ̀ láti ìhà kan dé ìhà kejì, gbogbo àrọ̀ tí ó bá ń gòkè lọ yé ẹyin a sì bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà ayọ̀ wọn pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan wọn a máa bi ara wọn léèrè ìdí tí ẹja fi kéré nínú omi, àwọn mìíràn a sì di ẹ̀bi ru aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ pé adágún tóbi, ẹja kò lè tán nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rò jinlẹ̀ ni. Kí a fi ẹnu odò sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Kí ojú àwọ̀n má kéré ju íǹṣì 3 lọ bí a bá fà á gùn, kí àwọn kéékèèké lè kọjá. Ẹ̀pìyà tí a bá rí tí ó ń ṣọ́ ihò rẹ̀, kí a yí ìwọ̀ sí ibòmíràn.

Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìjì, ènìyàn lè dé etí omi kí ó rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹja tí wọ́n yọ ẹnu sókè tí wọ́n ń mí gúlegúle. Àwọn kan a ní iwin omi ni ó ń dà wọ́n láàmú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, omi ìsàlẹ̀ adágún a dúró lójú kan, ewé àti igi tí ó ń jẹrà níbẹ̀ a sì jẹ gbogbo afẹ́fẹ́ rere inú rẹ̀ tán. Bí ìjì bá wá ru omi náà, tàbí tí òjò tútù bá rọ̀ sínú rẹ̀, omi burúkú ìsàlẹ̀ a dà pọ̀ mọ́ ti òkè, ẹja kò sì ní rí ohun tí yóò mí. Àrọ̀ lè fara dà á, nítorí ó ní ẹ̀yà ara kan lẹ́bàá ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ òkè bí àwa náà ti ń mí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù kò ní irú rẹ̀.

Ohun tí ó burú ju èyí lọ ni kí ẹja léfòó ní òkú láìsí ìjì, ńlá àti kékeré pọ̀, kí àkèré àti àwọn kòkòrò omi sì kú pẹ̀lú wọn. Ìwọ̀nyí ni àmì pé ẹnì kan ti da májèlé sínú omi. Ní agbègbè kòkó, Gamalin 20 tí a ń fi pa kòkòrò ara igi kòkó ni àwọn aláìbìkítà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀. Ohun olóró inú rẹ̀, tí a ń pè ní lindane, wà lára àwọn tí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè tí a ṣe ní Stockholm fi òfin dè ní ọdún 2009. Májèlé bẹ́ẹ̀ kì í tán lára ẹja nínú ìkòkò ọbẹ̀. A kò gbọdọ̀ ṣa irú ẹja náà, a kò gbọdọ̀ rà á bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó, a kò sì gbọdọ̀ mu omi ibẹ̀. Òfin ìpẹja inú omi ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1992 ka fífi májèlé pa ẹja sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i, kí ó sọ fún Baálẹ̀ àti fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń bójú tó omi náà.

Nísinsìnyí, yíyan ọjọ́. Ẹni tí yóò dẹ àwọ̀n ní òru àṣálẹ́ kí ó lè yọ ọ́ ní òwúrọ̀, kí ó wo ojú ìwé oṣù nínú àlùmánákì yìí: àwọn àgbà apẹja gbà pé àìsí òṣùpá ni ó dára fún àwọ̀n, nítorí ẹja kò ní tètè rí i. Fún ìwọ̀ ojú ọ̀sán èyí kò já mọ́ nǹkan púpọ̀. Kí a béèrè lọ́wọ́ olórí àwọn apẹja bóyá a gba àlejò láyè, iye tí a ń san, àti bóyá àwọn ọjọ́ kan wà tí àwọn ará ibẹ̀ kì í wọ omi. Ní adágún tí a ti ń fa omi mímu fún ìlú, kí a gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tí ó ń ṣọ́ ìsédò, kí a má sì sún mọ́ ibi tí omi ti ń dà kọjá lórí ògiri rẹ̀ rárá.

Bí ọjọ́ náà bá pé, àgbà apẹja ni kí a kọ́kọ́ kí.

“Ẹ kú òwúrọ̀ o, Bàbá. Ṣé omi dára lónìí?”

“Omi kò ṣe nǹkan kan, ọmọ mi. Ìwọ̀ oòrùn ni o kọ ojú sí yẹn. Yí ojú sí ìlà oòrùn kí o wò ó.”

Ìdáhùn yìí tọ̀nà. Ìjì ńlá tí ó ń ṣáájú òjò ní oṣù Mááṣì, Éépírílì àti Méè, láti ìhà ìlà oòrùn ni ó máa ń wá, ó sì ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni ó wọ́pọ̀ jù, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ń dé ní òru. Ó ní àmì tí ó ń fi ara hàn ṣáájú. Ooru a mú gan-an, afẹ́fẹ́ a sì dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewé kò ní mì. Àwọsánmà dúdú kan a yọ ní ìlà oòrùn, a tẹ̀ bí ọrun, abẹ́ rẹ̀ a sì funfun díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ tútù yóò já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú agbára ńlá, ṣáájú kí ẹ̀kán òjò kan tó kàn ọ́. Láti ìgbà tí àwọsánmà náà bá ti hàn dáadáa títí tí ìjì yóò fi dé, àkókò náà lè má pẹ́ tó èyí tí ènìyàn yóò fi wa ọkọ̀ láti àárín adágún dé èbúté. Àwọn tí ó ń kú sínú omi ní àkókò yìí, àwọn tí wọ́n rí i tí wọ́n sì ní kí àwọn yọ àwọ̀n kan ṣoṣo tí ó kù ná ni ó pọ̀ nínú wọn.

Nítorí náà kí a wọ omi ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí gbogbo ènìyàn sì ti wà lórí ilẹ̀ ṣáájú agogo 12 ọ̀sán. Bí ẹja bá ń jẹ ìwọ̀ dáadáa ní agogo 11, ìyẹn náà ni àkókò tí ó yẹ kí a ká okùn. Níbi tí a bá lè yàn, etí omi ìhà ìlà oòrùn ni kí a ti pẹja, nítorí ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń dáàbò bo omi kúrò lọ́wọ́ ìjì tí ó ń ti ìlà oòrùn bọ̀; ìgbì a máa pọ̀ sí i bí ó bá ti ń la adágún kọjá, ní etí òdìkejì ni ó sì ń ga jù. Ṣùgbọ́n igi tàbí òkè ìhà ìlà oòrùn yìí kan náà lè dí ojú ọ̀run mọ́ wa, kí a má rí àwọsánmà náà títí yóò fi dé orí wa. Nítorí èyí, ó dára kí ẹnì kan máa jáde sí gbangba ní ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí kọ̀ọ̀kan láti wò ó.

Fún àrá, òǹkà ni a ń lò. Bí mànàmáná bá kọ, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń wo ọwọ́ aago, títí àrá yóò fi sán. Ìṣẹ́jú àáyá 5 dúró fún máìlì kan. Bí kò bá pé 30 tí a fi gbọ́ ọ, ìjì náà kò jìnnà ju máìlì 6 lọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wà lórí omi mọ́, nítorí lórí omi tí ó tẹ́jú, orí ènìyàn nínú ọkọ̀ ni ohun tí ó ga jù. Kí a má sá sí abẹ́ igi kan ṣoṣo tí ó dá dúró. Lẹ́yìn tí àrá bá sán kẹ́yìn, kí a dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí a tó padà sídìí omi.

Ọkọ̀ tí ó kéré kò gbọdọ̀ ru ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn àti ẹrù bá ti wọlé, kí etí ọkọ̀ ṣì ga ju omi lọ ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó kéré tán. Kí olúkúlùkù jókòó. Ẹni tí ó ń ju àwọ̀n nìkan ni ó lè dìde, èyí sì jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kí igbá tí a ó fi gbọ́n omi wà nínú ọkọ̀, àti àjẹ̀ kan lẹ́yìn èyí tí a ń lò. Ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó ni ó dára jù lọ, kí a sì wọ̀ ọ́ sí ọrùn, kì í ṣe kí a fi í ṣe ìjókòó. Níbi tí kò bá sí, kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà 10 tí a dé ní àdépa, tí a so mọ́ okùn, tó láti mú orí ènìyàn kan wà lókè omi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Kí a sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí a ń lọ, àwọn tí ó lọ, àti agogo tí a ó padà, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò fi igbe ta.

Bí ìjì bá ká ènìyàn mọ́ àárín omi, kí ó má bá a jà. Kí ó yí ọkọ̀ kí ìgbì má gbá a ní ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ nínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé wọn lọ sí etí omi tí ó bá sún mọ́. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kí wọ́n dì í mú. Ọkọ̀ igi kì í rì tán bí omi tilẹ̀ kún inú rẹ̀, àwọn olùgbàlà a sì tètè rí i ju orí ènìyàn lọ. Ẹni tí ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ pé òun yóò lúwẹ̀ẹ́ dé èbúté ti ṣi ọ̀nà náà wò. Lójú ẹni tí ó wà nínú omi, ilẹ̀ a máa dà bí ẹni pé ó sún mọ́ ju bí ó ti rí lọ.

Ẹni tí a bá fà jáde tí kò mí mọ́, kí a má fi orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn kan, kí a má sì fi àkókò ṣòfò lórí títẹ ikùn rẹ̀ kí omi lè jáde. Kí a tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kí ó dojú sókè. Kí a gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ọ̀nà ọ̀fun lè ṣí, kí a di imú rẹ̀, kí a fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀, kí a sì fẹ́ èémí sí i títí àyà rẹ̀ yóò fi wú, nígbà 5. Lẹ́yìn náà kí a fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíkankíkan nígbà 30, kí a tún fún un ní èémí 2, kí a sì máa ṣe é bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró nígbà tí ẹlòmíràn ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ó bá tilẹ̀ jí, kí a ṣì gbé e lọ, nítorí omi tí ó wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lè ṣe é ní ibi lẹ́yìn wákàtí díẹ̀.

Nípa ti ẹja fúnra rẹ̀, ohun díẹ̀ wà láti ṣọ́ra fún. Àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ní ẹ̀gún líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Bí ó bá gún ni, kí a fọ ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí a ki ọwọ́ náà bọ omi gbígbóná tí ara lè gbà, ìrora yóò sì dínkù. Ẹni tí kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, kí ó lọ gbà á. Òjìjí ni kí a má fi ọwọ́ mú rárá nígbà tí ó wà láàyè. Ìjìnnìjìnnì rẹ̀ lágbára tó láti mú àgbàlagbà ṣubú, ẹni tí ó bá sì ṣubú sínú omi nípa rẹ̀ wà nínú ewu.

Ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ láàárín wákàtí díẹ̀ nínú ooru wa. Bí a bá ti ń mú un ni kí a máa kó o sí abẹ́ ibòòji, nínú àpò ọ̀rá tútù tàbí ewé, láìjẹ́ kí oòrùn pa á. Kí a yọ ìfun àti ìjàgbọ̀n rẹ̀ kí a tó dé ilé, ṣùgbọ́n kí a má dà wọ́n sínú omi tí àwọn ènìyàn ń pọn. Èyí tí a kò ní jẹ lọ́jọ́ náà, kí a fi iyọ̀ pa á lára, kí a sì yan án lórí iná díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gbẹ dé inú.

Ọ̀rọ̀ kan kù, òun ni ó sì kan àwọn ọmọ ilé ìwé jù. Àrùn títọ ẹ̀jẹ̀, tí Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, rí aràn rẹ̀ ní ìlú Cairo ní ọdún 1851, omi adágún àti odò tí kò yára ṣàn ni a ti ń kó o. Ẹyin aràn náà a bá ìtọ̀ aláìsàn jáde. Bí ó bá bọ́ sínú omi, a pa, a wọ inú ìsáwùrú kéékèèké tí ó ń gbé lára koríko omi, láti inú ìsáwùrú náà ni àìmọye aràn tí ojú kò lè rí yóò sì ti jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọ́n a lu awọ ara ènìyàn wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí ọgbẹ́ kan. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn bá mú, ni wọ́n ń jáde jù lọ, ibi tí koríko pọ̀ sí ní etí omi ni wọ́n sì pọ̀ sí. Nígbà tí a sé odò Volta, àrùn yìí tàn kálẹ̀ gidigidi láàárín àwọn ọmọ etí adágún náà láàárín ọdún díẹ̀.

Nítorí náà kí a máa pẹja láti inú ọkọ̀ tàbí láti orí òkúta gbígbẹ, dípò kí a dúró nínú omi. Kí bàtà rọ́bà gígùn wà fún ẹni tí yóò ti ọkọ̀ sínú omi. Kí àwọn ọmọ má wẹ̀ ní ọ̀sán lẹ́yìn ìpẹja bí ooru tilẹ̀ mú, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ̀ sínú adágún tàbí sí etí rẹ̀. Àwọn baba kan gbà pé ìtọ̀ pupa lára ọmọkùnrin jẹ́ àmì pé ó ń bàlágà. Àṣìṣe ni, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ gbé àrùn náà dàgbà títí ó fi ba àpòòtọ̀ wọn jẹ́. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n ara ọmọ ni a fi ń mọ iye tí yóò lò. Ṣùgbọ́n kò lè dènà kí ó tún kó o bí ó bá padà sínú omi náà. Ọmọ tí ó bá wọ adágún ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù 2 tàbí 3 fún àyẹ̀wò, bí kò tilẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán ni kí ó tọ̀ sínú ìgò àyẹ̀wò náà, nítorí àkókò yìí ni ẹyin aràn náà máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀.